Ọjọ́ Tó Kẹ́yìn Ọdún 2037

Má-gbà la máa ń pe ọmọbìnrin àbúrò mi nílé, torí láti kékeré, ohun tí o bá ní kó gbà, kò ní gbà á. Bí mo bá ń gbàdúrà fún un, àmín rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde. Ó ní òun kọ́kọ́ ń yẹ ohun tí mo tọrọ wò ni. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, kò sì ní àkọ̀. Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kọ̀ǹpútà tó fara ti ibi ìfọṣọ, níbi tí ògiri ti máa ń gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

Kò-séwu ni wọ́n ń pe ọ̀gá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni. Fèrèsé fọ́? Kò séwu. Iná ń ta nídìí wáyà? Kò séwu. Ó lẹ bébà mọ́ ẹnu ọ̀nà pé: “Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má fọwọ́ kàn án.” Má-gbà mú bírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Pàápàá jù lọ ẹ̀yin, sà.” Kí n má parọ́, ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ilé ìwòsàn yẹn máa ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sí àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé. Bátìrì rẹ̀ lè lò ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ọjọ́ tí oníkálukú gbọ́dọ̀ padà wá pààrọ̀ ẹ̀rọ, òun náà ló ń ránṣẹ́ pè wọ́n. Àmọ́ àyè tí àwọn tó ṣètò kọ̀ǹpútà náà fún ọjọ́ kéré. Tí ọjọ́ tó ń ṣírò bá ti wọ oṣù kìíní ọdún 2038, àyè á kún, ọjọ́ á sì yí padà bíi mítà ọkọ̀ tó ti rìn débi tó lè kà mọ, á já sí ọdún 1901. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ sí láyà lónìí, tí ìpààrọ̀ tiẹ̀ bọ́ sí 2039, kọ̀ǹpútà á ní ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Kò ní pè é láéláé.

Má-gbà ní kí wọ́n dá kọ̀ǹpútà dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kí òun fẹ àyè náà. Kò-séwu rẹ́rìn-ín.

“2038? Ta ló sọ fún ẹ pé a máa wà níbí? Ọ̀la wà lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ọlọ́run kọ́ ló ṣètò kọ̀ǹpútà yìí, sà.”

“Ẹnu ẹ ló máa pa ẹ́.”

“Tiyín ló máa pa àwọn aláìsàn.”

Èmi kì í fi àdúrà ṣeré o, àmọ́ tí mo bá rí ẹni tó ń fi orúkọ Ọlọ́run ṣe aṣọ ìbora fún ọ̀lẹ, orí mi máa ń gbóná.

Kò pẹ́, ọjọ́ bíi ti 1901 ò jáde lójú kọ̀ǹpútà mọ́. Kò-séwu ń yan kiri. Ó ní òun ti yanjú ẹ̀ láì dá nǹkan kan dúró, olùdarí ilé ìwòsàn sì yìn ín níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Ara fu Má-gbà. Ó lọ wò ó. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe: ó ní kí àwọn tó ń tẹ orúkọ aláìsàn sínú kọ̀ǹpútà máa fọwọ́ tẹ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2037 dípò ọjọ́ ẹnikẹ́ni tí tiẹ̀ bá ti kọjá ibẹ̀. Ọmọdé ni, arúgbó ni, ọjọ́ kan náà!

Má-gbà pè é ní agbẹ́sàárè lójú gbogbo ayé. Kò-séwu gba ọ̀dọ̀ olùdarí lọ, ó ní àfi kí wọ́n lé e. Wọ́n fi ìpàdé sí ọjọ́ kejì.

Mo sọ fún un pé, “Tóo bá débẹ̀, pa ẹnu ẹ mọ́. Jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀.” Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbà.

Ó gbé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń dán nǹkan wò wọlé, ó tan ojú rẹ̀ sára ògiri, ó yí aago inú rẹ̀ síwájú sí ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2037, ó sì bi í pé ta ni wọ́n ń retí lónìí. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ògiri, ọ̀kan ń ti ìkejì lọ sókè, kò dúró. Dókítà tó máa ń fi ẹ̀rọ sí wọn láyà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

“Èmi nìkan? Lọ́jọ́ kan ṣoṣo? Ta ni mo ṣẹ̀?”

“Kò sé…” ni Kò-séwu wí. Orúkọ ṣì ń yọ.

Wọ́n jẹ́ kí Má-gbà fẹ àyè náà. Àmọ́ àyè tó fẹ̀ kò lè dá ọjọ́ tí wọ́n ti pa rẹ́ padà. Àfi kí wọ́n kó káàdì aláìsàn kọ̀ọ̀kan jáde, kí wọ́n ṣírò tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Olùdarí ní, “Ẹni tó da ọjọ́ rú ni kó máa kà á. Ẹni tó ń pariwo ni kó máa tẹ̀ ẹ́.”

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gbígbóná. Wọn kì í kíra. Ọjọ́ nìkan ni wọ́n ń bára wọn sọ.

“Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹfà, 2039.”

“Òmíì.”

Mo ní kí n gbàdúrà kí Ọlọ́run parí ìjà wọn. Má-gbà ò ṣe àmín.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí káàdì tán ná. Tó bá ń bínú sí mi, kì í ṣi ọjọ́ kà.”