Ẹ́kìsì Mummy Tíṣà

Orí àtẹ̀gùn ni mo ti sábà máa ń rántí Mummy Tíṣà, aládùúgbò wa lókè, tí wọ́n fi ogún ọdún ṣe tíṣà n'Íbàdàn kí wọ́n tó wá sí Peckham ní London. Lífìtì ilé wa kì í ṣiṣẹ́. Ibikíbi tí wọ́n bá ti dúró mí ni wọ́n ti ń bú káńsẹ́lọ̀ wa, tó ṣèlérí pé òun á tún un ṣe.

"Olódo! Ẹ jẹ́ kí ìbò dé, màá fún un ní òdo!"

Òjò ìbáà máa rọ̀, wọ́n á lọ dìbò. Ọkùnrin náà á sì tún wọlé.

Nígbà ìbò tó kọjá, ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. Mo ń ka orúkọ inú ìwé ìbò sí wọn létí. Bí mo ṣe kan ti káńsẹ́lọ̀ yẹn, wọ́n ní, "Ibẹ̀ yẹn! Fa ẹ́kìsì ńlá sí i."

"Mummy, ṣé òun náà lẹ tún fẹ́?"

"Fẹ́ kẹ̀? Ẹni tó bá gbà á là ń fún ní gúùdù. Ẹ́kìsì ni ti ẹni tó kùnà."

Mo rọra ṣàlàyé pé níbí, ẹni téèyàn bá fẹ́ ló ń fi ẹ́kìsì sí. Wọ́n tẹjú mọ́ pẹ́ńsù ọwọ́ mi.

"Láti ọjọ́ yìí?"

Wọ́n ní kí n fi sí ẹlòmíì, ẹnikẹ́ni.

Nígbà tá a délé, lífìtì ò ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Mummy Tíṣà dúró mí ká tó dókè. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni.