Kókó Ẹnu Àpò Oògùn Bàbá Bánkẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú ilé mi ní Festac níbí. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ fojú fo àṣìṣe mi.

Nígbà tí ọkọ mi, Bàbá Bánkẹ́, jáde láyé, mi ò lè da oògùn ìrora tí dókítà kọ fún wọn nù. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fún wọn lò títí wọ́n fi dákẹ́. Mo kó o sínú àpò aṣọ, mo ta ẹnu rẹ̀ ní kókó, mo gbé e sórí wọ́dúróòbù. Bí àárò wọn bá ń sọ mí, màá gbé e sọ̀ kalẹ̀, màá máa wò ó. Ṣé ẹ rí bí ọ̀fọ̀ ṣe ń sọ àgbà di òmùgọ̀?

Lọ́jọ́ kan, mo tú àpò, páálí méjì ti ṣófo. Bẹ́ẹ̀ kókó náà wà bí mo ṣe ta á gẹ́lẹ́!

Ta ni mo fura sí? Múìbá ni, obìnrin tó ń ti Satellite Town wá bá wa fọ aṣọ. Bó bá wọ yàrá, màá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ń lọ sílé, màá máa wo báàgì rẹ̀ bóyá ó wú ju ti àárọ̀ lọ. Mo sọ fún Tómi, ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó ní òun náà ti ń fura sí Àǹtí Múìbá tipẹ́. Bánkẹ́, ìyá rẹ̀, ní kí n lé e, òun ń sáré lọ síbi iṣẹ́.

Mo lé e. Kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Màmá, báàgì mi lẹ̀ ń ṣọ́. Ẹ ṣọ́ ojú ọmọ yín."

Mo ní ó ń rí mi fín. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó lọ, páálí mìíràn tún ṣófo.

Lọ́jọ́ Sunday, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, Tómi ń di ìrẹsì sínú ọ̀rá fún ìyá rẹ̀. Ó yí etí ọ̀rá lẹ́ẹ̀mejì, ó ki ìdí rẹ̀ sábẹ́. Kókó tí ìyá mi, Adúnọlá, kọ́ mi nìyẹn, òun gan-an ni mo fi ta ẹnu àpò! Bánkẹ́ ò mọ̀ ọ́n ta. Tómi nìkan ni mo kọ́.

Mo gbé àpò náà ka iwájú rẹ̀, mo ní kó bá mi ta á. Ó bú sẹ́kún.

Ó ní láti ọ̀sẹ̀ tí a sin bàbá àgbà lòun ò ti lè sùn, oògùn náà lòun ń lò kóun lè sùn. "Ẹ̀yin ń sunkún, Mọ́mì ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Mo pe Bánkẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Bánkẹ́ ti gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Òun ló ń mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà báyìí. Mo kó oògùn tó kù fún Làídé tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì Apple Junction pé kó bá mi run ún. Mo lọ kúnlẹ̀ fún Múìbá. Ó fà mí dìde, ó fún mi lómi mu, ṣùgbọ́n kò padà wá.

Ìfura ò tíì tán lára mi o. Bí Tómi bá pẹ́ nílé ìwẹ̀, màá kan ilẹ̀kùn. Ó máa ní, "Màmá àgbà, mo wà ńbí." Ṣùgbọ́n mo ti ń béèrè nísinsìnyí pé ṣé ó sùn, àlá wo ló lá.

Ẹ̀yin òbí, ẹni tó wá láti ìta là ń ṣọ́, ọmọ inú ilé ń sọnù lójú wa. Oògùn ta ló ṣì wà lórí wọ́dúróòbù tiyín? Ta lẹ ti fẹ̀sùn kàn rí tí kì í ṣe òun? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, mò ń kà á.