Ọdún Tí A Fẹ́ Kó Lọ sí Àbíjàn

Òórùn àpáta gbígbóná tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ lé lórí, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ẹni tí kò gbé ẹsẹ̀ òkè Ìdáàṣà rí. Kò jọ òórùn erùpẹ̀ tútù ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá bu omi sínú ìkòkò tó gbàgbé sórí iná. Bí òjò bá ti dá, ooru á máa rú jáde lára àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa, èso kajú tó ti já tó ń rà lábẹ́ igi á fi òórùn kíkan tirẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ á sì wọlé wá bá wa nínú yàrá. Irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ni fóònù ọkọ mi dún, tí ọ̀rọ̀ Àbíjàn fi wọ ilé wa.

Iṣẹ́ irin jíjó ni ọkọ mi ń ṣe nígbà náà. Àgọ́ rẹ̀ wà létí títì ńlá tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ń gbà láti Kútọnu lọ sí Pàràkú. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ibẹ̀ náà ló ti ń jó irin ìsọ̀ pọ̀ fún àwọn tó ń tajà nígbà tí èrò ìjọ Àgùdà bá ń rọ́ wá bẹ Màríà wò ní ihò àpáta Arigbo nínú oṣù kẹjọ. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé rẹ̀, iná irin rẹ̀ kì í kú láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n ti ṣe tán bẹ̀rẹ̀ sí í ti Kútọnu wá nínú ọkọ̀. Wọ́n fúyẹ́, wọ́n ń dán, wọ́n sì wu àwọn ènìyàn ju èyí tó nípọn tí ọkọ mi ń ṣe lọ. Ó lè jókòó sí àgọ́ láti àárọ̀, kó máa wo ọkọ̀ tó ń kọjá, kí ilẹ̀ sì ṣú láìsí ẹni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ìwọ náà mọ ohun tí àìríṣẹ́ṣe ń fi ọkùnrin ṣe. Tiwa kò mutí, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun bí àlejò nínú ilé ara rẹ̀ ni. Kó tó bu òkèlè àkọ́kọ́, á kọ́kọ́ wo inú abọ́ àwọn ọmọ.

Ẹni tó pè é lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rẹ́ náà ti wà ní Àbíjàn, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó ní ọ̀gá òun ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n nídìí irin, òun sì ti dárúkọ ọkọ mi. Yàrá wà nínú ọgbà iṣẹ́ náà fún ẹni tó bá gba iṣẹ́ ọ̀hún, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà fẹ́ ẹni tí yóò kó ìyàwó àtọmọ dání ni, nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wá àwọn òṣìṣẹ́ tó bá sá lọ wo ìdílé wọn tí wọn kò padà. Wọ́n á dúró dè wá títí ìbẹ̀wò Arigbo yóò fi kọjá.

Díẹ̀díẹ̀ la ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí mo bá ń bẹ iṣu, á wá jókòó tì mí, á sọ gbólóhùn kan, á dìde. Bí a bá ń bọ̀ láti Máàsì, èmi náà á sọ tèmi. Mo ní oko ẹ̀pà kan ní Lèma, mo ní àwọn igi kajú díẹ̀, mo mọ gbogbo ẹni tí mo lè ké pè bí ọmọ bá ń ṣàìsàn. Ní Àbíjàn, n kò mọ ẹnì kankan. Síbẹ̀ mo fẹ́ kí a lọ. Ọmọ wa àgbà obìnrin ti ń dàgbà, ó mọ̀wé, mo sì ń wo bàbá rẹ̀ tó ń súnkì lójú mi. Kò sí ìbéèrè tí a kò rí ìdáhùn sí, àfi ọ̀kan ṣoṣo: ta ni yóò wà pẹ̀lú Ìyá?

Ìyá ọkọ mi ni mò ń pè ní Ìyá. Ọkọ mi nìkan ló kù fún un nínú àwọn ọmọ tó bí. Àwọn yòókù wà lábẹ́ ilẹ̀ ní igun àgbàlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wọn. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá nígbà náà, ṣùgbọ́n bí o bá wọ ilé wa gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó lè pẹ́ kí o tó mọ̀. Òun ló ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, òun ló ń tú òwú tó bá ta kókó. Á dìde lórí ibùsùn rẹ̀, á fi ọwọ́ ra ògiri títí dé ìdí ààrò, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbà lára ògiri náà ti di dúdú, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n bá fi òrí kun ún. Ìyàwó mi ló máa ń pè mí. Kò bú mi rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe pé n kò ṣẹ̀ ẹ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan la bá a sọ ọ́. Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ náà, ó ṣàlàyé yàrá náà, ó ní a óò gbé e lọ, ọkọ̀ náà dára, kò ní gbọ̀n ọ́n púpọ̀. Ìyá gbọ́ ọ títí dé òpin láìdá a lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Nínú ilé yìí, ọwọ́ mi ló ń ríran fún mi," ló wí. "Bí ẹ bá gbé mi dé ọ̀hún, ọwọ́ náà á fọ́jú."

A kò bi í ní ohun mìíràn. Ọkọ mi rò pé ó ti kọ̀ fún gbogbo wa nìyẹn, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ní kí òun nìkan lọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀gá kò ní gbà. Mo ní kí a wá ọmọ ẹbí kan tí yóò wá bá Ìyá gbé, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ẹbí tó lẹ́sẹ̀ ló ti lọ sí Kútọnu tàbí Nàìjíríà. À ń sọ ọ́ nídìí ààrò, à ń sọ ọ́ lábẹ́ igi, a sì ń rò pé kò gbọ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti lọ, kí ló tún ń fi gbogbo ọjọ́ ṣe bí kò ṣe pé kó máa gbọ́?

Nígbà tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, Ìyá pè wá ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ó ní àbúrò òun obìnrin tó wà ní Akofodjoulè ti dá nìkan wà jù láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ń lọ gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ti ránṣẹ́ sí i. Ọkọ mi ní kò ṣeé ṣe, ó ní Ìyá kò mọ ilé yẹn, pé ẹ̀yìnkùlé wọn jẹ́ kìkì àpáta.

"Kì í ṣe pé mò ń bi ọ́," ni Ìyá dá a lóhùn. "Mò ń sọ fún ọ ni. Pe ọ̀rẹ́ rẹ, kí o sọ fún un pé ẹ ń bọ̀."

Zẹ́mì ló wá gbé e ní ọjọ́ kejì, ọ̀kadà elérò tí gbogbo wa ń gùn lọ́dọ̀ wa. Ó jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, ọmọ mi obìnrin jókòó tẹ̀ lé e, ó di ìyá bàbá rẹ̀ mú. Ìyá kò sunkún, kò sì yí ojú sí ọ̀nà ilé. Ó lọ bí ẹni tó ń lọ ọjà. Ọkọ mi dúró sójú ọ̀nà títí a kò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́. Lẹ́yìn náà ló pe Àbíjàn.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú mi dùn láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo fa oko ẹ̀pà mi lé aládùúgbò wa lọ́wọ́. Mo fọ gbogbo aṣọ wa, mo sá wọn sórí àpáta, mo ń kọrin. Ọkọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun dáadáa. Gbogbo ọjọ́ ọjà la máa ń rí ẹni tó ń ti Akofodjoulè bọ̀, wọ́n á ní Ìyá wà dáadáa, ó ń kí wa.

Òwúrọ̀ kan ni wọ́n wá sọ fún wa pé ó ṣubú. Ó jáde lọ sẹ́yìnkùlé láti lọ tọ̀ láìjí ẹnikẹ́ni, òjò ti jẹ́ kí àpáta náà yọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wá ògiri níbi tí kò sí ògiri. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló dá. Nígbà tí a bá a nílé ìwòsàn, wọ́n ti tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ó dà bí ẹni tó kéré sí èyí tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Dókítà náà ń sọ Faransé kíákíá, ọmọ mi ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, títí tó fi dé ibì kan tó dákẹ́, tó ń wo ilẹ̀. N kò ní kó túmọ̀ ìyẹn.

Òtútù wọ Ìyá láyà níbẹ̀, kò sì lè dìde jókòó láti wúkọ́ rẹ̀ jáde. Ní ọjọ́ tí mo rí i kẹ́yìn, ó di ọwọ́ ọkọ mi mú, ó bi í pé, "Ṣé ẹ ti di ẹrù yín?"

Ọkọ mi tún aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Èmi ni mo ní, "À ń dì í lọ́wọ́, Ìyá." Ó ní ó dáa. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Àsìkò tí èrò ń wọ̀lú fún ìbẹ̀wò Arigbo la sin ín. Bí wọ́n ṣe ń da iyẹ̀pẹ̀ lé e ní igun àgbàlá wa, a ń gbọ́ orin Màríà láti títì, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kún fún àwọn tó wọ aṣọ kan náà, tí inú wọn ń dùn. Àgbà kan nínú ẹbí gbá ọkọ mi léjìká, ó ní ọ̀nà wa ti là báyìí. Kò ní ibi lọ́kàn. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń rò ló sọ jáde.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi pè kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó bá wa kẹ́dùn, ó sì ní àyè náà ṣì wà. Mo jókòó nítòsí, ẹrù wa wà létí ògiri. Ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní, "A ò bọ̀ mọ́." Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Inú bí mi gan-an. Mo bi í pé kí wá ni Ìyá kú fún.

"Bí mo bá lọ nísinsìnyí," ló wí, "a jẹ́ pé òótọ́ ni pé Ìyá ló dí mi lọ́nà. N kò ní jẹ́ kó di òótọ́."

Mo dìde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù wa. Ó pẹ́ kí a tó tún bá ara wa sọ̀rọ̀ bí tọkọtaya. Ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà. Ọkọ mi tú páànù orí àgọ́ rẹ̀ kúrò, ó sì lọ ń kọ ebè ní Lèma, ó ń fi ọwọ́ tó mọ irin di ọkọ́ mú, kò sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa títí di bí mo ṣe ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tó le jù lọ, Máàsì ìrántí Ìyá ni mo ti gbọ́ ọ. Àbúrò rẹ̀ láti Akofodjoulè wá jókòó tì mí, ó ń sunkún, ó ní Ìyá kò tilẹ̀ tú ẹrù rẹ̀ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ òun. Ó ní Ìyá sọ pé òun kàn wá jókòó díẹ̀ títí àwa yóò fi lọ ni. Bí a bá ti kọjá ẹnubodè, òun á padà sí ilé òun, òun á máa dá gbé ibẹ̀, nítorí òun mọ ilé náà, kò sì sí ohun tí òun kò lè ṣe nínú rẹ̀ fúnra òun. Ìyá mọ̀ pé bí òun bá sọ bẹ́ẹ̀ lójú wa, a kò ní gbà, a kò sì ní lọ.

Gbogbo oṣù tí a fi gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, a ń sọ ohun tí a óò ṣe sí Ìyá bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ ibi tí yóò gbé àpótí sí. A bi í bóyá yóò bá wa lọ. A kò bi í pé kí ni ó fẹ́. Òun náà kò sọ, nítorí ìfẹ́ tó ní sí wa kò jẹ́ kó sọ. Àárín ìdákẹ́ méjèèjì yẹn ló ṣubú sí.

Ọmọ mi obìnrin ti dàgbà báyìí. Ó gbéra lọ sí Kútọnu ní òwúrọ̀ kan láìgba ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ó ń ránṣọ níbẹ̀, ó sì ti lọ́kọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló pè mí, ó ní ilé tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní àyè tó pọ̀, ṣé èmi àti bàbá òun kò ní wá máa bá àwọn gbé. Mo sọ fún un pé kó má bi mí bóyá màá wá. Kó bi mí pé kí ni mo fẹ́.

Ó rọra bi mí pé, "Kí ni ẹ fẹ́, Màmá?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn, mo sì rí i pé n kò mọ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Ó ní òun á dúró.