Ìwọ̀n Àyà Alága

Bí Ràsákì bá ń wọn ènìyàn, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́. Ọgbọ̀n ọdún tó ti ń ránṣọ ní Ìlá ti ba etí rẹ̀ jẹ́ díẹ̀, àfọwọ́fà maṣíìnì àti jẹnẹrétọ̀, kò sì mọ̀ pé ohùn òun máa ń ròkè. Á na téèpù, á ké e síta: "Èjìká, mọ́kàndínlógún! Àyà, ogójì!" Jàmíátù ìyàwó rẹ̀, tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí á máa fọwọ́ ṣẹ́ etí aṣọ, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ilé wa ló kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ìbàdí àwọn ará ìlú yìí tó wà lórí mi ti pọ̀ ju ìṣirò lọ. Ìyàwó pásítọ̀ kan tí Ràsákì ké ìwọ̀n ìbàdí rẹ̀ síta ò tíì dárí jì í títí dòní.

Ẹni tó fẹ́ràn igbe yẹn jù ni Alhaji Àsíìsì, alága ẹgbẹ́ awakọ̀, tí gbogbo gáréèjì ń pè ní Àràbà. Bí Iléyá bá ti ń bọ̀, á wá tòun tàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí Ràsákì bá ké "Àyà, méjìléláàádọ́ta!" wọn á hó yèè. Àwòrán rẹ̀ wà ní oríta, ó gbòòrò débi pé èjìká rẹ̀ kan ò gbà sínú pósítà náà. Ogún ọdún ló fi ṣe alága, mi ò sì rí i kó lu ẹnikẹ́ni rí. Bí ìjà bá bẹ́ ní gáréèjì, yóò kàn dìde lórí àga ni, agbádá á gbọ̀n, ìjà á parí. Àwọn olóṣèlú tó ń wá ìbò kì í yà síbòmíràn kí wọ́n tó yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo máa ń fi Ràsákì ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwa rò pé aṣọ ló ń rán, alága gan-an ló ń rán. Á ní kí n fi ọ̀rọ̀ àgbà sílẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, Àbídèmí, àbúrò Ràsákì, tó ń fi bọ́ọ̀sì kó èrò lọ sí Òṣogbo, dá Alága lóhùn níwájú èrò. Ohun tó sọ kò ju pé tọ́ọ̀nù òun ló kàn láti kó èrò, kì í ṣe ti àna Alága. Wọ́n ní kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kúrò ní gáréèjì. Oṣù mẹ́ta ni bọ́ọ̀sì náà fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí adìẹ Jàmíátù ń yé sábẹ́ rẹ̀. Àbídèmí wá ń fi ọ̀kadà àyálò gbé iṣu fún àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ìlá. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún.

Nígbà tí ìdìbò ẹgbẹ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, Alága ránṣẹ́ pe Ràsákì sílé, òun nìkan, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó bọ́ aṣọ. Ràsákì na téèpù, ó wò ó, ó tún un nà. Ó la ẹnu láti ké e, Alága fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu. Mọ́kànlélógójì ni. Àtọ̀gbẹ ti jẹ ọkùnrin náà tán, agbádá ló ń bò ó láṣìírí.

Alága ní, "Bí wọ́n bá rí mi báyìí, mi ò wọlé mọ́. Ràsákì, dá mi padà sí bí mo ṣe wà. Lọ́jọ́ tí mo bá wọlé, àbúrò rẹ á padà sí tọ́ọ̀nù rẹ̀."

"Ṣé ẹ ti lọ sí ọsibítù, Alága?"

"Ta ló fẹ́ rí Àràbà ní ọsibítù?"

Ràsákì gé fóòmù ibùsùn, ó fi òwú há a, ó rán an ní ẹ̀wù abẹ́ tó nípọn. Kó má baà yẹ̀ lára, kò fi bọ́tìnnì sí i. Lára Alága gan-an ni yóò ti rán an pa lẹ́yìn, abẹ ni yóò sì fi tú u bó bá délé. Bí Jàmíátù ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, ó bi í pé, "Bàbá Fáòsíátù, ṣé ẹ ò ní pa ọkùnrin yìí?" Ó ní, "Ìyá Fáòsíátù, ìwọ náà ṣáà ń rí bọ́ọ̀sì níta."

Ooru mú gan-an lọ́jọ́ ìdìbò. Alága dé, ó tóbi ju ti pósítà lọ, gáréèjì hó: "Àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò!" Ó dìde láti sọ̀rọ̀. Òógùn bò ó. Ó di àga mú, àga yẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n bọ́ agbádá, wọ́n fa bùbá ya, wọ́n wá bá ẹ̀wù kan tí kò ní bọ́tìnnì, tí kò sì níbi tí wọ́n lè gbà tú u. Ẹnì kan pariwo pé, "Ayẹta ni! Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Gbogbo àwọn ọkùnrin gìrìpá tí wọ́n ń tẹ̀ lé e kiri fò sẹ́yìn. Àwọn kan ń fi ẹnu dá a lọ́lá níbi tó sùn sí, pé àgbà ọ̀jẹ̀ ni, ó gbójú. Ọkùnrin náà ò sì fẹ́ẹ̀ lè mí mọ́.

Mo rí Ràsákì láàárín èrò. Bó bá dákẹ́, Àràbà á kú ní Àràbà, kò sẹ́ni tí yóò bi í léèrè. Bó bá sọ̀rọ̀, bọ́ọ̀sì àbúrò rẹ̀ á jẹrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó yọ àlùmọ́gàjí nínú àpò, ó kúnlẹ̀, ó gé ẹ̀wù náà látòkè délẹ̀. Fóòmù yọ. "Fóòmù ni," ó ké e bó ṣe máa ń ké ìwọ̀n. "Èmi ni mo rán an. Ẹ gbé e!" Kò sí ọkọ̀ tó ṣe tán. Àbídèmí sáré lọ gbé bọ́ọ̀sì tirẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, òun ló gbé e lọ sí ọsibítù.

Wọ́n sún ìdìbò síwájú. N kò rí i kí wọ́n fẹ́ràn Alhaji Àsíìsì tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin gbé ẹ̀lúbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ bá a láti Ọ̀tan, mọ́ṣáláṣí méjì ṣàdúà fún un. Nígbà tó padà sí gáréèjì nínú bùbá pẹlẹbẹ, wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún un, àwọn kan sunkún. Ó rántí àdéhùn rẹ̀. Ó ní kí Àbídèmí bọ́ sórí tọ́ọ̀nù. Wọ́n ní, "Alága, ẹ lọ sinmi, ara yín ò tíì yá," wọ́n sì lé Àbídèmí jáde, bọ́ọ̀sì rẹ̀ padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Ó dìde lórí àga. Kò sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, mi ò sì mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Adémúyìwá, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀, ló wọlé nígbà tí wọ́n dìbò. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó gbé léèsì wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó fi àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí òdìkejì títì, ó tẹ̀ sétí Ràsákì.

"Ẹ̀gbọ́n, irú èyí tẹ́ ẹ rán fún Àràbà ni mo fẹ́. Ẹ ṣáà ti rán an kó rọ̀ mí lára. Àbídèmí á bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Ràsákì wo bọ́ọ̀sì. Jàmíátù mú bírò dání, ó ń wo ọkọ rẹ̀. Ràsákì na téèpù.

"Àyà," ó ké e, "mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n!"

Àwọn tó wà lódìkejì yíjú. Èmi náà dé ojú fèrèsé. Adémúyìwá wò yí ká, ó rí i pé gbogbo ojú ló wà lára òun, ó wá gbé ohùn sókè: "Àbídèmí dà? Kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá lọ́la! Èmi kì í bá ènìyàn ṣe kèéta!"

Wọ́n hó ju bí wọ́n ṣe ń hó sí méjìléláàádọ́ta lọ. Adémúyìwá juwọ́ sí wọn. Mo rí i pé ó ti ga díẹ̀ sí i.

"Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni kí n kọ ọ́?" Jàmíátù bi ọkọ rẹ̀.

"Bó ṣe rí ni kó o kọ ọ́."

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó lọ kó ẹyin adìẹ kúrò lábẹ́ bọ́ọ̀sì.