Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Ṣàìsàn Nítorí Mi

Òórùn epo ẹ̀rọ àti ti òwú ni bàbá mi máa ń gbé wọlé láti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó wà lọ́nà Ọ̀rẹ̀gún. Ilé wa ní Àgídìngbì kò jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Bí o bá wọ gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń hunṣọ níbẹ̀, o ò ní gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ ń sọ. Ariwo náà pọ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọwọ́ di ẹnu. Bí wọ́n bá fi ìka méjì ṣe bí àlùmọ́gàjí, òwú ti já nìyẹn. Bí wọ́n bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé orí, ọ̀gá ń bọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí bàbá mi fi wà níbẹ̀, ariwo ẹ̀rọ sì ń jẹ etí wọn díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé igbe ni wọ́n fi ń sọ ohun gbogbo, kódà bí wọ́n bá ń bèèrè iyọ̀.

Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì nígbà tí a gba kọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní Àkànṣe Kókó nínú Ìbánisọ̀rọ̀ àti Àwùjọ. Olùkọ́ ló máa ń yan ohun tí wọ́n á kọ́ nínú rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ tiwa, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, ní bí àwọn èèyàn ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ la máa gbé yẹ̀ wò. Èmi, ẹlẹ́nu wẹ́wẹ́, mo sọ̀rọ̀ bàbá mi fún wọn.

"Mú wọn wá sí kíláàsì," ni olùkọ́ wí. "Àwọn ni kí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ yẹn." Olùkọ́ sì gba nọ́ńbà fóònù bàbá mi lọ́wọ́ mi.

Bàbá mi, tí ìwé wọn ò kọjá prámárì, tọrọ àyè ọjọ́ kan lọ́wọ́ ọ̀gá wọn. Wọ́n pe ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá sílé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn méjèèjì jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ dárà, wọ́n ń ṣètò èyí tí bàbá mi máa kọ́kọ́ fi hàn wá. Màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Pùròfẹ́sọ̀. Mi ò rí inú wọn kó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi ni ojú ń tì. Mo ti rí òbí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn tó ní ọ́fíìsì ní Opebi, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo wá ń rí bàbá mi lọ́kàn mi, tí wọ́n ń fi Ìjẹ̀bú pariwo láàárín kíláàsì, tí wọ́n ń ju ọwọ́ sókè sódò. Ni mo bá sọ nílé pé olùkọ́ ti fagi lé e. Mo tún fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí olùkọ́ pé ara bàbá mi ò yá. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn sórí òbí rẹ̀. Mo ṣe é náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Irọ́ tèmi ò tiẹ̀ lọ fún ọjọ́ kan. A ń jẹun ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ ni fóònù bàbá mi dún. Nítorí etí wọn, gbogbo ilé ló máa ń gbọ́ ẹni tó bá pè wọ́n.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà, ara yín á yá o," ni ohùn olùkọ́ mi wí. "Ọmọ yín ti sọ fún mi. Ó dùn wá pé ẹ ò ní lè wá lọ́la."

Bàbá mi wò mí. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé wọn ò gbọ́ ọ. Wọ́n gbọ́.

"A dúpẹ́ o, mà," ni wọ́n wí. "Ibà ni. Ẹ má bínú."

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí bàbá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn bu omi. Títí ayé wọn, wọn ò bi mí léèrè.

Lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan ni mo dúró níwájú kíláàsì, mo fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ hàn wọ́n, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Nígbà tí mo délé, màmá mi ní bàbá mi ò kúrò lórí ibùsùn láti àárọ̀. Bàbá mi ní bóyá olùkọ́ á rán ẹnìkan wá kí àwọn, kí wọ́n má baà pe ọmọ àwọn ní onírọ́.

Ìwọ wò ó ná, kí ni èèyàn fẹ́ ṣe pẹ̀lú irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ pé màá tọrọ àforíjì. Nígbà tí mo fi máa nígboyà láti sọ ọ́, etí wọn ti di pátápátá. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ojú àwọn ò ríran kàwé mọ́, wọ́n sì ká a sápò. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni ọ̀rẹ́ wọn ìjọ́sí máa ń wá, wọ́n á jọ fi ọwọ́ tàkúrọ̀sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Mo lè bẹ ọ̀rẹ́ náà pé kó kọ́ mi bí màá ṣe fi ọwọ́ tọrọ àforíjì, tàbí kó bá mi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n màá ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ṣe fún un, ojú sì tún tì mí.

Bàbá mi ti kú báyìí. Ó dùn mí wọra, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ wọn yẹn ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù tí ọ̀rọ̀ mi ì bá fi dé ọ̀dọ̀ wọn, òun náà sì ni mo fi pamọ́ kí àwọn èèyàn má baà rí i.