Làálì, Gbòǹgbò Ẹ̀wà àti Èékánná Ọ̀gá Búráímọ̀

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Ọ̀gá Búráímọ̀ fún mi láti fi dán mi wò, ẹnu mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Ìlọrin ni wọ́n ti gbé mi wá fún ọkọ mi ní Sókótó, nígbà tó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira. Làálì ni mo ń lé fún àwọn ìyàwó. Ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Mo lè fa ìlà tó tín-ín-rín bí òwú. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ni Ọ̀gá Búráímọ̀ ti rí iṣẹ́ mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní oko ìwádìí kan lọ́nà Gagi. Ó wá bá ọkọ mi pé òun fẹ́ kí n máa wá fa ìlà sára gbòǹgbò ẹ̀wà.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ̀wà fẹ́ ṣègbéyàwó ni?"

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. A ó fi aṣọ tútù wé ẹ̀wà títí yóò fi yọ gbòǹgbò tó gùn tó oríkèé ìka. A ó fa ìlà mẹ́wàá sí i lára, kí àlàfo wọn dọ́gba, a ó sì dá a padà sínú aṣọ. Bó bá di ọjọ́ kejì, ibi tí ìlà bá ti jìnnà síra ni gbòǹgbò ti ń dàgbà. Ọ̀gá ní kì í ṣe gbogbo ara ewéko ló ń dàgbà. Ó ní ibì kan wà tí àwọn ègé tíntìntín ti ń pín sí méjì, tí méjì ń di mẹ́rin, láìsinmi. Ojú ìdàgbà ló ń pè é.

"Ṣóńṣó ló wà," ló wí.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, ìdí ni. Bí mo bá lé làálì sí èékánná ìyàwó, bó bá pẹ́ díẹ̀, ìdí ni funfun ti ń yọ. Irun náà bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ń hù, ìdí ló ti ń hù."

"Haba, Ìyá Ràfátù! Ewéko kì í ṣe èékánná."

"Bí kì í bá ṣe ìdí, n ó padà sídìí làálì mi. Bó bá wá jẹ́ ìdí ńkọ́?"

Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. "Ẹ lé làálì sí mi lọ́wọ́ bí ìyàwó."

A kò pè é ní tẹ́tẹ́ o, Mùsùlùmí ni wá. Àdéhùn ni.

Yíǹkì ọ́fíìsì ni mo kọ́kọ́ lò. Ó ràn káàkiri, gbòǹgbò dúdú bí ìka alágbẹ̀dẹ. Mo lọ gba tàdáwà lọ́wọ́ Alfa wa, èyí tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ wàláà. Ìlà rẹ̀ ń dán! Nígbà tílẹ̀ mọ́, a kò bá ìlà kan ṣoṣo.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ohun tí wọ́n ṣe kó lè ṣeé fọ̀ kúrò lára wàláà, ẹ wá gbé e sínú omi! Ẹ̀wà yìí ti mu hàǹtú, omi wàláà, yóò há Kùránì sórí láìpẹ́."

Ní ọjọ́ kẹta, mo po tìróò mọ́ òrí díẹ̀, mo fi òwú fà á. A tú aṣọ náà láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Kai! Àwọn ìlà òkè dúró bí mo ṣe tò wọ́n, àwọn tó wà nítòsí ṣóńṣó ti jìnnà síra. Mo fò sókè. "Ó ń dàgbà! Ẹ wò ó, ó ń dàgbà!" Mo ti jó yí tábìlì náà ká lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rántí pé èmi ni mo pàdánù.

Mo mú ìgò tìróò mi, mo kọjú sí ẹnu ọ̀nà láti máa lọ. Ibẹ̀ ni ojú mi ti bọ́ sí ebè àlùbọ́sà. Ewúrẹ́ ti jẹ orí ewé rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, síbẹ̀ ewé náà ga sí i, orí gígé náà ló sì gbé lọ sókè.

"Ọ̀gá, ṣé àlùbọ́sà kì í ṣe ewéko ni?"

Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta ṣì kù nínú ọ̀sẹ̀ mi, kí n fa ìlà mi.

Mo fà á sára ewé àlùbọ́sà kan, láti ìdí ibi tó ti ń yọ jáde. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Ọ̀gá kúnlẹ̀ sínú ebè pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ìlà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti jọ gòkè lọ, àlàfo wọn kò yí padà. Ewé tútù tí tìróò kò kàn ti yọ lábẹ́ wọn.

"Ṣóńṣó ni ti gbòǹgbò," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìdí ni ti ewé yìí. Ẹ gbé làálì yín wá."

Mo lé e fún un tinú tinú, òdòdó ní àtẹ́lẹwọ́, èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pupa rokoso. Àwọn obìnrin Hausa tó ń pọnmi sí oko ké gúdà, igbe ayọ̀ wọn, bí ẹni ń sìnyàwó. Ogún ọdún ni mo lò níbẹ̀ lẹ́yìn náà, mo fa ìlà sára ohun gbogbo tó ń hù, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kan ni n kò lè gbàgbé.

Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lẹ́yìn làálì náà. Ọ̀gá sáré wá láti ìkángun oko, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń pariwo bí ọmọ tó rówó he. "Ìyá Ràfátù! Ẹ wá wo ìdí èékánná mi!"

Funfun ti yọ.

Mo mú òwú, mo mú tìróò. "Ẹ jókòó, Ọ̀gá," ni mo wí. "Ẹ má mira. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n."