Ẹ̀gbọ́n Ìyá Mi Kí Ẹ̀rọ

Ìkíni wọn yẹn ló ń bí mi nínú ṣá! Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, àfi kí wọ́n kí gbogbo ilé tán kí wọ́n tó sọ nǹkan tí wọ́n bá wá. A lọ ra léètì àlòkù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin, lọ́wọ́ opó kan ní Ṣàpọ́n, fún ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìnkùlé wa. Ará Èkó kan tó fẹ́ rà á ti gbé lọ́rì dúró níta. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tún wá ń kí ẹ̀rọ!

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ ṣáájú mi dáyé."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, irin nìyẹn o!"

Opó náà bú sẹ́rìn-ín. "Bí ọkọ mi ṣe ń kí i láràárọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin ni mo tà á fún. Ará Èkó yẹn ò tiẹ̀ kí èmi gan-an."

Ni mo bá fò sókè, mo kígbe ayọ̀, gbogbo àdúgbò sáré jáde. Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Ká ní ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa dákẹ́?